Àwọn Apẹja Orí Yìnyín
Ẹni tí ó bá ní a kì í rìn lórí omi, kí ó dé adágún Lake of the Woods, níbi tí Minnesota ti bá Kánádà pààlà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ó rí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n pa ilé pákó sórí yìnyín fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n fi ìlu ńlá dá ihò sí i, tí wọ́n sì jókòó tì í bí babaláwo ti í jókòó ti ọpọ́n. Ìfura wọn ni mo gbé òṣùbà fún jù: a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, nítorí náà ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń gún yìnyín wò, èyí tí kò bá sì nípọn tó íńṣì 4, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ yìnyín náà, omi tí òtútù rẹ̀ kò tó ti yìnyín a rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja walleye ń jẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń kọ yànràn bí ti ológbò. Bí okùn ìwọ̀ bá mì, ẹnu a pa. Bí kò bá mì, ìtàn ni wọn óò máa pa, èyí tí mo fura pé òun gan-an ni wọ́n bá wá.