Ìmọ́lẹ̀ Ń Yọ́ Irin, Afẹ́fẹ́ Ló Ń Gé E

Àwọn oníbàárà tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń yìn. Wọ́n á dúró níwájú gíláàsì tó bo ẹ̀rọ lésà tí a fi ń gé irin, wọ́n á máa wo orí rẹ̀ bó ṣe ń sáré lórí ṣíìtì irin, tí iná ń ta lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, iná yìí mà lágbára o!" Òótọ́ ni, ó lágbára. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mi ò ti ka iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ mọ́. Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí lésà ń ṣe kò ju kó yọ́ irin lọ. Irin tó bá sì yọ́ tí kò rí ohun tí yóò gbá a jáde, ojú ibẹ̀ náà ni yóò tún dì sí. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu nọ́sù ló ń gbá a dànù, òun náà ló sì ń pinnu bóyá ojú ibi tí a gé yóò dán, tàbí ìdàrọ́ ni yóò so mọ́ ọn nídìí.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ kò ní bá mi jiyàn. Èédú ló ń jó lágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ́ ewìrì ló mọ ìgbà tí irin yóò rọ̀. Iṣẹ́ ewìrì náà ni tiwa, ó kàn jẹ́ pé sìlíńdà àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló gba ipò awọ ewúrẹ́.

Ìtàn pàápàá jẹ́rìí sí i. Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1961, Elias Snitzer fi okùn gíláàsì ṣe tirẹ̀, èyí tó jẹ́ bàbá ńlá fáíbà lésà tí à ń lò lónìí. Ní 1964, Kumar Patel fi gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni Peter Houldcroft, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ìjórin kan nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe nọ́sù tó fi ọ́síjìn tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ náà, tí irin tó nípọn tó mìlímítà kan sì gé. Lésà ọwọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 wáàtì lọ. Ẹ̀rọ tí mo ń lò jẹ́ 3,000 wáàtì, wọ́n sì ń ka irú rẹ̀ mọ́ àwọn kékeré báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá ti gáàsì pa, kò lè gé irin tí Houldcroft gé yẹn kó mọ́.

Ohun tí fáíbà lésà fi ta lésà gáàsì yọ ni pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrú. Nǹkan bí 1.07 máíkírómítà ni tirẹ̀, ti lésà kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì jẹ́ 10.6. Irin máa ń gba ìgbì tó kúrú bẹ́ẹ̀ mọ́ra ju èyí tó gùn lọ, ìdí nìyẹn tí a fi lè dojú kọ idẹ àti bàbà tí lésà gáàsì kì í fẹ́ rí. Inú okùn gíláàsì tín-ínrín kan ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà dé orí ẹ̀rọ, kò sí pé a ń tún dígí tò kiri.

Irin dúdú, máìlì-sítíìlì tí àwọn ajórin fi ń ṣe géètì, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́. Ó rọrùn láti gé, ó ṣòro láti gé dáadáa. Ọ́síjìn ni a ń fún un. Irin gbígbóná tó bá pàdé ọ́síjìn kì í yọ́ nìkan, ó ń jó ni, ooru tó ń ti ara jíjó yẹn wá sì ń ran ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ débi pé lésà tí kò lágbára púpọ̀ lè gé irin tó nípọn. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ yìí fẹ́ ìjánu. Irin mìlímítà 10 tàbí 12 kò fẹ́ ju nǹkan bí ìdajì bar sí bar kan lọ (bar ni òṣùwọ̀n bí gáàsì ṣe ń le tó). Ọmọ iṣẹ́ tó bá rò pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni gígé yóò ṣe mọ́ tó, yóò ṣí i sókè, irin yóò gbiná kọjá ojú ìlà, igun yóò jó lọ, ihò kékeré yóò di kòtò. Ọ́síjìn náà gbọ́dọ̀ mọ́, ó kéré tán 99.95 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá fi díẹ̀ péré dín, eré tí a lè fi gé irin yóò já wálẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ́síjìn máa ń fi sílẹ̀: èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú ibi tí a gé. Ọ̀dà kì í dì mọ́ irin lórí rẹ̀. Tó bá yá, èèpo náà yóò ṣí kúrò tòun tọ̀dà. Ajórin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bọ̀ọ̀dá yín sọ ọ́ o, ẹ má gbé dúdú yìí fún mi, gírándà mi ò lọ iṣẹ́ òfò." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí irin bá tín-ínrín, tó sì jẹ́ pé wọ́n máa kùn ún, náítírójìn ni mo fi ń gé e, kí èèpo má wáyé rárá.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni kíka ojú irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ mú un sọ́wọ́, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bà á, ẹ ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Bí wọ́n bá tọ́, tí wọ́n sún mọ́ra, eré àti afẹ́fẹ́ ti bára mu. Bí ìsàlẹ̀ wọn bá tẹ̀ sẹ́yìn, orí ẹ̀rọ ti sáré ju irin lọ: òkè ti gé, ìsàlẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá jìn, tí ojú irin sì rí ṣágiṣàgi, ooru ti kó jọ síbẹ̀ nítorí pé a lọra jù. Kí a tó gé e tán pàápàá, ẹ̀ta iná ti sọ ọ́. Tó bá ń já bọ́ tààrà sísàlẹ̀, tó sì fọ́nká díẹ̀, kò séwu. Tó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ dín eré kù. Tó bá kó jọ sójú kan tí kò fọ́n, ẹ fi kún eré. Tó bá ta padà sókè, ẹ tètè dá ẹ̀rọ dúró, irin kò tíì lu, gíláàsì tó ń dáàbò bo lẹ́ńsì ni ẹ̀ta yẹn sì ń lọ bá.

Mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn yá lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ yìí jù mí lọ, tí wọn kì í wo abẹ́ ṣíìtì rárá. Wọ́n á kọ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ fi ránṣẹ́, wọ́n á jókòó. Irin tiwọn, gáàsì tiwọn àti ojú ọjọ́ tiwọn ni àwọn tó kọ ìwé yẹn fi dán an wò. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a kì í parí síbẹ̀.

Bí mo bá lọ ra ṣíìtì ní ọjà Owódé Onírin l'Ékòó, òòfà àti kálípà máa ń wà lápò mi. Stẹ́ńlẹ́ẹ̀sì 304 kì í fà mọ́ òòfà, 430 ń fà. Kálípà ní tirẹ̀ ń sọ bí irin ṣe nípọn tó ní tòótọ́, torí nọ́ńbà tí a bá fi gé mìlímítà méjì kò bá èyí tó jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀ mu.

Stẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ni ìyàwó àárọ̀ mi. Kò fẹ́ ọ́síjìn, náítírójìn ló fẹ́, ó sì fẹ́ ẹ púpọ̀: bar 10 sí 20, bó bá ṣe nípọn sí. Náítírójìn kì í jó nǹkan kan, ó kàn ń fi tipátipá lé irin yíyọ́ jáde, kò sì ní jẹ́ kí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ráyè débẹ̀. Fókọ́ọ̀sì ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ibi tó ti kó jọ sójú kan, kì í wà lójú irin, a máa ń tẹ̀ ẹ́ wọnú irin lọ, kí ọ̀nà lè fẹ̀ nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rí ibi gbá ìdàrọ́ gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, etí irin á funfun, á mọ́ lóló, ẹ lè fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó má gé yín. Bí mo bá rí i tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó di aró, mo mọ̀ pé ọ́síjìn ti wọlé: bóyá gáàsì kò mọ́, bóyá họ́ọ̀sì ń jò. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà nìkan. Kúrómíọ̀mù tó ń dènà ìpẹtà lára stẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ló ti jó lọ lójú ibẹ̀, ẹni tó bá sì fi irú rẹ̀ ṣe tábìlì ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì yóò rí ìpẹtà létí rẹ̀ láìpẹ́.

Owó náítírójìn ló ń dun olówó. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń gé irin pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ náítírójìn. Etí irin á pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n fún pátákó ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò ní wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí la tún ń fẹ́? Kìkì pé afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó má sì ní òróró. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré l'Ékòó. Lásìkò òjò, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ débi pé bí omi tó ń tu lésà lára bá tutù ju bó ti yẹ lọ, ìrì á sẹ̀ sára lẹ́ńsì nínú orí ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ á sì jó o. Nítorí náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí nọ́ńbà omi yẹn wálẹ̀ torí pé ooru mú un. Bí iná mànàmáná bá sì ń ṣe ségesège, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń gé iṣẹ́ tó tóbi, torí ibi tí iná bá ti lọ lójijì, àpá rẹ̀ kì í tán lára irin.

Àlùmíníọ̀mù ń tan ènìyàn. Dígírì 660 ló ti ń yọ́, ṣùgbọ́n awọ tín-ínrín tó bo ara rẹ̀ kò yọ́ títí yóò fi kọjá dígírì 2,000. Èyí tó ti yọ́ á wà nínú awọ tí kò tíì yọ́, á rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀, á sì dì síbẹ̀. Mo ń fún un ní náítírójìn líle, mo ń fi eré gé e, síbẹ̀ ìdàrọ́ díẹ̀ máa ń kù tó ṣeé fi ọwọ́ ṣí. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun yóò gé àlùmíníọ̀mù kó mọ́ tó stẹ́ńlẹ́ẹ̀sì, ẹ kọ́kọ́ ní kó fi èyí tó gé rí hàn yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun àlùmíníọ̀mù àti ti irin kó jọ sínú ẹ̀rọ tó ń fa èéfín: bí àwọn méjèèjì bá gbiná pa pọ̀, iná wọn kò ṣeé fi omi pa.

Idẹ àti bàbà, ọba ni wọ́n. Wọ́n ń dán, wọ́n ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì padà gba inú okùn lè lọ ba orísun lésà jẹ́. A kì í bẹ̀rù wọn, a kì í sì í fi ojo bá wọn ṣe é: agbára kíkún ni kí ẹ fi lù wọ́n, torí ibi tó bá ti yọ́ kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà tó ibi tó ṣì le. Fún bàbà, ọ́síjìn ń ràn wá lọ́wọ́. Awọ dúdú tó ń mú kó ní ló ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Fún idẹ, náítírójìn ni, pẹ̀lú ohun tó ń fa èéfín dáadáa, torí síńkì inú rẹ̀ ti ń hó ní dígírì 907 nígbà tí bàbà kò tíì yọ́ títí di 1,085. Bí bàbà bá ń dà mí láàmú, mo máa ń rántí ìbòjú Ọbalùfọ̀n ní Ifẹ̀. Bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbà lásán ṣòro í dà ju idẹ lọ. Àwọn tó dà á kò ní kálípà, kò sì sí ẹni tó kọ nọ́ńbà fún wọn.

Nǹkan kékeré kan kù tí mi ò gbọdọ̀ fò. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń lẹ tépù mọ́ ẹnu nọ́sù, a ó ta ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré, a ó ṣí tépù wò. Ojú ihò tó jó gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín gbùngbùn àmì ẹnu nọ́sù. Bó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ kò ní yí ìmọ́lẹ̀ ká bákan náà, ẹ̀gbẹ́ kan irin á mọ́, ìdàrọ́ á wà ní ìkejì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú gáàsì, nọ́sù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wá, ẹ má béèrè iye owó mítà kan kí ẹ tó sọ irú irin tó jẹ́, bó ṣe nípọn tó, bóyá ẹ máa jó o mọ́ nǹkan tàbí ẹ máa kùn ún, àti ojú tí yóò kọ sí ìta. Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn ló ń sọ gáàsì tí a ó lò, gáàsì sì wà lára ohun tó ń pinnu owó tí ẹ ń san.