Ìmọ̀ Wíwá Ọ̀nà ní The Maze

Ní The Maze, ìhà tó ṣòro dé jù lọ nínú Canyonlands, ọgbà àdáyébá tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní Utah ní ọdún 1964, ìmọ̀ wíwá ọ̀nà yẹ fún ìyìn gidigidi, nítorí pé àwọn àfonífojì tóóró tí omi gbẹ́ sínú òkúta yanrìn lọ́ mọ́ra débi pé ọ̀pọ̀ jọra, tí òmíràn sì pin sídìí ògiri àpáta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń fi ìlà ìdọ́gba-gíga, ìyẹn ìlà orí àwòrán ilẹ̀ tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, wé ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Èyí tó wúni lórí jù ni bí ó ṣe ń fiyè sí ojú ọ̀run, torí òjò tó rọ̀ níbi jíjìn lè sọ ipadò gbígbẹ di àgbàrá.