Ipá Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Ṣòfò

Ní Onírèké, ẹni tó bá ń ra yúníìtì iná mọ bí ẹyọ kan ṣe ń tètè tán. Yúníìtì náà ni mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ kan tí kò kàn wá ní Ìbàdàn: yíyọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Láti 1942 ni ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ti ń gba omi odò Ọ̀nà dúró fún wa, omi tí kò níyọ̀.

Ní Nungua, lẹ́bàá Accra, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣí ní 2015, tí wọ́n kọ́ láti máa sọ omi òkun di 60 mílíọ̀nù lítà omi mímu lójúmọ́. Bí ẹgbẹ̀rún lítà bá gba yúníìtì 3, 180,000 yúníìtì lójúmọ́ nìyẹn. Kò yà mí lẹ́nu pé àríyànjiyàn lórí owó omi náà dé, tí wọ́n fi tì í pa fún ìgbà kan ní 2018.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ́n ńlá ni yúníìtì 3 yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ó ju 10 lọ.

Awọ tín-ín-rín kan ló ń jẹ́ kí omi kọjá, tó sì ń dá iyọ̀ dúró. Ipá tó tó 60 bar ni wọ́n fi ń ti omi òkun lu awọ náà. Fọ́káníṣà Dúgbẹ̀ kì í fẹ́ ju bíi 2 bar lọ sínú táyà mọ́tò. Nínú lítà 100 tó bá wọlé, bíi 40 ló ń di omi mímu. 60 yòókù ń jáde pẹ̀lú gbogbo iyọ̀, ipá tí wọ́n fi tì í ṣì wà lára rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ipá yẹn ń ṣòfò.

Ẹ̀rọ tí Leif Hauge, ọmọ Nọ́wè, ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Òpó tánganran líle ni, tí wọ́n dá ihò gbọọrọ sí yí ká, tó ń yí nínú tánganran mìíràn. Àlàfo àárín wọn kéré púpọ̀ sí ìnípọn irun orí. Omi ló wà níbẹ̀ dípò òróró. Kò ní mọ́tò, ìṣàn omi ló ń yí i. Omi iyọ̀ á wọ ihò láti apá kan, á ti omi òkun tuntun jáde lápá kejì, ipá á sì bá a lọ. Kí omi méjèèjì tó ráyè pò mọ́ra púpọ̀, òpó ti yí kúrò níbẹ̀. Ó ju ìpín 90 nínú 100 ipá náà lọ tí wọ́n ń rí gbà padà. Ẹ wo irú ọwọ́ tó lọ tánganran náà dán!

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Bí ìdajì omi òkun yóò bá di omi mímu, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, ẹgbẹ̀rún lítà kò lè gba ohun tó dín sí bíi yúníìtì 1. Láàárín 1 yẹn sí 3 ni àwọn oníṣẹ́ ti ń jìjàkadì báyìí, lórí pọ́ǹpù tó ń fa omi láti òkun, àti lórí sísẹ́ ìdọ̀tí kúrò kí omi tó dé ojú awọ.