Ta Ni Àlejò Nínú Ìtàn Ère Èsìẹ́?

Gbogbo wa tá a dàgbà sí agbègbè Òmù-Àrán la ti gbọ́ ìtàn ère Èsìẹ́. Wọ́n ní àwọn àlejò kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ ò wọ̀ láàárín àwọn àti onílé, ni wọ́n bá di òkúta. Ó parí. Àwa náà ò béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àlejò nìkan ló di òkúta, tí onílé sì rìn lọ ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún ìtàn yìí gbọ́. Àwọn ère náà lé ní 1,000, nítorí wọn ni wọ́n sì ṣe kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ojú wọn dáadáa. Ilà ojú wọn yàtọ̀ síra, irun orí wọn ò jọra. Ọkùnrin wà, obìnrin wà, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Bí àdúgbò tí oríṣiríṣi èèyàn ń gbé ni wọ́n rí lójú wa.

Ìtàn ìlú kan náà ló sì sọ pé Ọ̀yọ́-Ilé ni àwọn baba ńlá Èsìẹ́ ti wá, àti pé ọdẹ ló kọ́kọ́ rí ère nínú igbó. Ibí gan-an ni ìtàn ti tú àṣírí ara rẹ̀. Bí ọdẹ bá dé tó bá ère nílẹ̀, ta wá ni àlejò?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Láti 2011 tí Landmark University ti bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń wá láti ìpínlẹ̀ káàkiri. Ẹni tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ wọn ò ráhùn o. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ta ló ni àdúgbò, ẹ ó gbọ́ ọ: "Àwọn àtọ̀húnrìnwá yìí ti pọ̀ jù." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ sí àwọn èèyàn wa ní Gánà. Ní 1969, ìjọba Busia fún àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù wálé, ọmọ Kwara sì wà láàárín wọn. Nígbà tó di 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù la ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Àléébù ìtàn ère ni pé kò jẹ́ kí àlejò sọ tẹnu rẹ̀. Òkúta kì í fèsì. Onílé nìkan ló ń rojọ́, òun náà ló tún ń dájọ́.

Síbẹ̀, ìlú yìí kan náà ló ń ṣọdún fún àwọn ère lọ́dọọdún. Ohun tó dùn mọ́ wa nìyẹn, òun náà ló sì ń dùn wá. Àbí ó dìgbà tí àlejò bá di òkúta ká tó bọ̀wọ̀ fún un?

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ sọ ìtàn náà fún ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọdẹ tó dé bá wọn níbẹ̀.