Àyẹ̀wò Ìlànà Ìgboyè Olùgbani-nímọ̀ràn ní Port Harcourt

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá ṣe àríwísí ìlànà tí ènìyàn fi ń gba oyè gíga nínú iṣẹ́ ìgbani-nímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìlú tí a ó ti lo oyè náà. Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, ni ìlú tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí. Àwọn Ikwerre ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Kalabari, ọmọ Okrika, ọmọ Ogoni, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ epo, iṣẹ́ èbúté àti òwò gbé òbí wọn débẹ̀, gbogbo wọn ló ń jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń kọ́ wọn. Píjìn ni wọ́n fi ń ṣeré, òun náà ni wọ́n sì fi ń jà.

Yunifásítì ìlú Port Harcourt, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1975 tí ó sì di yunifásítì ní 1977, ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Yunifásítì Ignatius Ajuru tí ó wà ní Rumuolumeni náà ń kọ́ni ní i. Ìlànà àbáwọlé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn yunifásítì yòókù ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó fẹ́ oyè másítà gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kí Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ohun tí ó yege. Ó gbọ́dọ̀ ní oyè àkọ́kọ́ tí ó dára. Bí oyè náà kò bá jẹ́ ti ìmọ̀ ìkọ́ni, yóò kọ́kọ́ lọ gba dípúlómà ìkọ́ni tí a ń fún àwọn tí ó ti gboyè tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wọlé tán, yóò gba iṣẹ́ kíláàsì, yóò lọ fi iṣẹ́ dánra wò, yóò kọ ìwé ìwádìí, yóò sì dúró níwájú olùdánwò tí ó ti ìta wá láti gbèjà ohun tí ó kọ.

Kí a má ṣe tan ara wa, ìlànà yìí ní iyì tirẹ̀. Ní 1959, nígbà tí àwọn Sísítà ti St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tí ń jáde lọ mọ iṣẹ́ tí wọn lè ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ láàárín ìlú ni wọ́n pè wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀tàn máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà sí, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìwé-ẹ̀rí olùgbani-nímọ̀ràn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó di 1976 tí a dá ẹgbẹ́ àwọn olùgbani-nímọ̀ràn sílẹ̀, tí Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 sì sọ pé kí a yan irú wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn. Pípè tí ìlànà sì ń pe ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ padà sí ìdí ìmọ̀ ìkọ́ni kò burú rárá. Ẹni tí kò mọ kíláàsì kò lè mọ ohun tí ó lé ọmọ jáde nínú rẹ̀.

Ibi tí ìlànà ti kùnà ni ọ̀rọ̀ èdè. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó fi dandan lé. Kò béèrè bóyá ẹni náà gbọ́ èdè kan lára àwọn èdè tí ọmọ ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n etí ni irinṣẹ́ olùgbani-nímọ̀ràn! Bí ọmọ Yorùbá kan ní Diobu bá ní "inú mi bàjẹ́", tí ó tún ní "ọkàn mi kò balẹ̀", tí ó tún ní "ojú ń tì mí", ọgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń fi hàn. Bí ó bá di dandan kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú gbólóhùn kan pé inú òun kò dùn, kí ó sì dákẹ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọ Kalabari tí ó ti Buguma wá náà ní ẹ̀fà àti èje tirẹ̀.

Ó sì ya ni lẹ́nu pé Port Harcourt ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yìí gan-an ni Kay Williamson àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwé kíkà fún ọmọdé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Rivers láti nǹkan bí 1970. Òun fúnra rẹ̀ sì wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì náà títí ó fi kú ní 2005. Ní 1970 yìí kan náà ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo àfi Gẹ̀ẹ́sì. Bí èdè abínibí bá yẹ fún ìṣirò, ṣé kò yẹ fún ẹkún ni?

Àléébù kejì ni iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jókòó ti ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, CACREP, ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ irú èyí, ń béèrè wákàtí 100 fún ìdánrawò àkọ́kọ́, ó sì ń béèrè 600 mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú 600 náà, 240 gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúkojú pẹ̀lú ẹni tí a ń gbà nímọ̀ràn. Níhìn-ín, ìwé ìwádìí ni ó ń gba oorun lójú akẹ́kọ̀ọ́. Yóò pín ìwé ìbéèrè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, yóò ṣírò ìdáhùn wọn, yóò sì gboyè láìjẹ́ pé ó jókòó ti ọ̀kan nínú wọn títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. (Ọmọ awo kò lè fi kíkà nìkan di babaláwo, ẹsẹ̀ olúwo ni yóò máa jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí yóò máa wo bí a ti ń gbọ́ tẹnu aláìsàn.)

Àṣírí tún ńkọ́? Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fún olóyè náà ní kíláàsì láti kọ́, nígbà mìíràn wọn a tún fi pàṣán lé e lọ́wọ́. Ọmọ wo ni yóò tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó nà án ní àárọ̀?

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára àwọn yunifásítì méjèèjì lọ. Kí fọ́ọ̀mù àbáwọlé béèrè èdè tí ẹni náà gbọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹni tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ kọ́ ọ̀kan nínú èdè Rivers tàbí Píjìn tí ó dán mọ́rán kí ó tó lọ fi iṣẹ́ dánra wò. Kí a sì gé ìwé ìbéèrè kúrú, kí a fi wákàtí tí ó bá ṣẹ́kù kún àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kí olùdánwò tí ó ti ìta wá lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó béèrè ohunkóhun nípa ìṣirò, pé: ọmọ mélòó ni o gbọ́ tiwọn dé òpin, èdè wo ni wọ́n sì fi sọ ọ́?