Nwoye Tí Ó Wà Láàárín

Olùkọ́ wa kan máa ń gba ìlapa èrò lọ́wọ́ wa kí a tó kọ ìtàn. Bí ìtàn rẹ bá yà kúrò nínú ìlapa èrò náà, máàkì rẹ á dín. Ní sáà tó kọjá, mo pàdánù máàkì márùn-ún nítorí pé ìyá àgbà tí mo ti kọ sílẹ̀ pé yóò kú ní ìpínrọ̀ kejì kò kú mọ́. Ó dùn mí. Ìgbà tí mo gbọ́ bí Chinua Achebe ṣe kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo tó rí ẹni gbè mí.

Ẹni tó bá ka Things Fall Apart lónìí á rò pé bó ṣe rí ni òǹkọ̀wé náà ti gbèrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìran mẹ́ta ló fẹ́ kó sínú ìwé kan ṣoṣo: Okonkwo; Nwoye ọmọ rẹ̀ tó di onígbàgbọ́; àti Obi ọmọ Nwoye, tó kàwé nílùú Òyìnbó tó sì wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ní 1956, nígbà tí Achebe lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní BBC ní London, ó fi ìwé àfọwọ́kọ náà han Gilbert Phelps, òǹkọ̀wé kan tó ń kọ́ wọn níbẹ̀. Phelps fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fẹ́ fi han àwọn atẹ̀wé. Achebe ní kó dúró ná. Nígbà tó padà délé, ó gé apá kejì àti apá kẹta kúrò, ó sì fẹ ìtàn Okonkwo lójú sí i. Ìwé náà jáde ní 1958. Ìtàn Obi di No Longer at Ease ní 1960.

Nwoye wá ńkọ́? Ìwé kìíní fi í sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Umuru. Ìgbà tí a ó tún fi rí i nínú ìwé kejì, ó ti darúgbó, Isaac ni wọ́n ń pè é, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ katikíìsì. Gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ géńdé ọkùnrin ti bọ́ sí àlàfo.

Àbùkù ni mo kọ́kọ́ pe èyí. Mo ṣì rò pé ẹni tó bá ka ìwé kejì nìkan kò lè rí gbòǹgbò Obi dáadáa. Ṣùgbọ́n Obi délé, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ Clara. Osu ni Clara, ìran àwọn tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, tí ọmọ ìlú kì í bá ṣe àna. Katikíìsì yìí, tó ti kọ òrìṣà sílẹ̀ láti kékeré, kọ̀ jálẹ̀! Lẹ́yìn náà ló wá la ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: bí bàbá rẹ̀ ṣe gégùn-ún fún un, bí wọ́n ṣe pa Ikemefuna tó dà bí ẹ̀gbọ́n fún un, àti ọ̀rọ̀ líle tó sọ nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ Okonkwo fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn rárá, síbẹ̀ ó wúwo ju gbogbo ìyókù ìwé náà lọ lójú mi. Ká ní Achebe di ètò rẹ̀ àtijọ́ mú ni, a ó ti tẹ̀ lé Nwoye láti ọdún dé ọdún, kò ní sí ohun tuntun kan tí baba náà lè sọ fún wa lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ti ka ìwé kìíní mọ̀ nípa Ikemefuna. N kò mọ̀ pé arúgbó yìí ṣì ń gbé òkú ọmọ náà kiri.

Mo mọ ohun tí olùkọ́ wa máa sọ: bí Achebe kò bá ní ètò, kí ni ì bá gé? Òótọ́ ni, mo gbà á fún un.

Mo ti tún ìtàn mi kọ báyìí. Ìyá àgbà ṣì wà láàyè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó gba ojú ewé mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ni mo gé kúrò. Ìyá náà kàn máa ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é lálaalẹ́ ni.