Igba Ebè

Ẹ bi àgbẹ̀ oníṣu ní Àgọ́-Àrẹ bí oko rẹ̀ ṣe tó, ebè ni yóò fi dá yín lóhùn: igba mẹ́ta, igba márùn-ún. Ó wù mí púpọ̀! Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, mẹ́wàá ni ẹgbàá. Inú orúkọ gan-an ni ìlọ́po wà: ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ìlọ́po wà nínú kíka owó náà: míṣọ́nnárì Adolphus Mann ṣàlàyé ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn Yorùbá ń ka owó ẹyọ; ẹ̀ẹ̀mẹrin rẹ̀ di ogún. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ nínú poro, tó ń ka ebè ní ogún-ogún, ti mọ ìlọ́po kí tíṣà tó mú ṣọ́ọ̀kì.